Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kí Baba Kó Tó Sọ̀rọ̀

"Fareedah! Wá gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ ń sọ o! Ó tún ti bú mi!"

Baba Ikúmápàyí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú, ohùn rẹ̀ sì borí ti jẹnẹrétọ̀. Fareedah, ọmọ ilé-ìwé girama tó máa ń wá ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, sá tọ̀ ọ́ wá. Ìlà kan péré ló wà lójú kọ̀ǹpútà:

AAGO MẸ́RIN – ÌKÌLỌ̀ – Ẹ̀RỌ KEJÌ – bébà ti fẹ́ẹ̀ tán.

"Baba, kò bú yín o. Ó ní kí ẹ fi bébà sí ẹ̀rọ kejì ni."

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kò kí mi, kò bọ̀wọ̀ fún mi, ó kàn dédé ní 'Ìkìlọ̀!' Ṣé àwọn sójà ò tíì padà sí bárékè nínú tirẹ̀ ni? Gbogbo ìlú ti dìbò, kọ̀ǹpútà mi ṣì ń pàṣẹ!"

Bọ̀dá Rilwan tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín títí bébà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ Fareedah ni ọ̀rọ̀ náà wà lóòótọ́. Ó ti kọ́ èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Páítọ̀n ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, òun ló sì kọ ètò tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Baba. Èdè náà ní irinṣẹ́ kan tó ń ròyìn ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ ètò ló máa pinnu bí ìròyìn náà yóò ṣe jáde: aago, bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ohun tó wúwo ni kó máa kọ́kọ́ jáde.

Baba sì ti ṣèlérí. Bí ìwé àjọ̀dún ilé-ìwé kan ní Obanikoro bá jáde láìlábàwọ́n, Fareedah ni yóò máa jókòó sórí àga kọ̀ǹpútà jálẹ̀ ìsinmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á padà sórí bẹ́ńṣì àwọn tó ń ká bébà, níbi tí gọ́ọ̀mù ti máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí dé orí oúnjẹ alẹ́.

Mùíz, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó bá a wá, ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. "Jẹ́ kó máa kí wọn! Kó dọ̀bálẹ̀! Kó tiẹ̀ máa kì wọ́n!"

"Ìlà á ti gùn jù."

"Yọ aago kúrò. Ṣé aago ò sí lára ògiri ni? Yọ 'ìkìlọ̀', yọ orúkọ ẹ̀rọ. Àbí o ò fẹ́ àga yẹn mọ́?"

Fareedah fẹ́ àga yẹn. Ó rántí tíṣà rẹ̀, ó sì tún gbàgbé rẹ̀ kíá. Ó tẹ ìwọ̀nba lẹ́tà, ó ti parí. Láti ìgbà náà, gbogbo ìròyìn, ìbáà ṣe ńlá, ìbáà ṣe kékeré, ń bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba Ikúmápàyí, ọmọ atẹ̀wé-má-tàbàwọ́n, ẹ kú làálàá, ẹ ò ní rí ogun àdánù o...

Ibẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà ti parí. Ọ̀rọ̀ gan-an fara pamọ́ sẹ́yìn.

Inú Baba dùn ṣìnkìn. Ó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì: "Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà tó gbẹ̀kọ́ ilé!" Bó bá ti kí i, á dáhùn: "O ṣeun, ọmọ mi. Wàá dàgbà."

Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé àjọ̀dún, kọ̀ǹpútà kí wọn, ó tún wọn kí.

"Ó mà ń kí wa gan-an lónìí o," Bọ̀dá Rilwan sọ.

"Jẹ́ kó kí wa," ni Baba dáhùn. "Kíkí ò pọ̀ jù."

Páálí àkọ́kọ́ lọ sí Obanikoro. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, fi wọlé dé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, òógùn bò ó. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Lókè ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: Ọ̀gá Wa Ọ̀wọ́n Tí A Fi Ń Yangàn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àgbò wà. Àgbò ńlá, oníwo kíká, tó ti inú ìwé ìpolówó ọlọ́jà Iléyá tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú wá.

"Baba, ẹ wò mí dáadáa," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì wí. "Níbo ni ìwo mi wà?"

Àwọn tó ń ká bébà ti rí àgbò náà, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ìpolówó ni. Baba kọjú sí Rilwan. "Ìwọ lo wà nídìí kọ̀ǹpútà! Oorun lo sùn! Kó ẹrù rẹ, má padà wá mọ́!"

"Baba, mo fi Ọlọ́run búra, kíkí ló ń kí wa!"

Fareedah yọ́ dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó fa ìlà náà lọ sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn gbogbo oríkì yẹn, ó rí i: "Àwòrán ọ̀gá ilé-ìwé kò sí nínú dísìkì, èyí tí mo lò kẹ́yìn ni mo fi rọ́pò rẹ̀." Ẹ̀rọ ti ké, ìkíni ló dí i lẹ́nu.

Mùíz ti wà létí rẹ̀. "Pa á rẹ́. Kò sí aago, kò sí orúkọ ẹ̀rọ, ta ló máa mọ̀? Àga rẹ o!"

Fareedah wo àga. Ó wo Bọ̀dá Rilwan tó ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ ní bébà kíká. Ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn. Èmi ni mo yọ ìkìlọ̀ kúrò, tí mo fi ìkíni sí i, torí kí ẹ lè fún mi ní àga."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni jẹnẹrétọ̀ kú. Àṣé epo ló tán.

Baba mí kanlẹ̀. "Rilwan, gbé ẹrù rẹ sílẹ̀, kí o sì foríjì mí. Ìwọ ni kí o máa jókòó sórí àga yìí. Fareedah, orí bẹ́ńṣì." Mùíz ti fẹ́ yọ́ jáde. "Ìwọ olùdámọ̀ràn! Etí mi ò di. Bẹ́ńṣì yẹn gba ẹni méjì."

Àwọn méjèèjì ló ya àgbò kúrò nínú gbogbo ìwé náà, tí wọ́n sì lẹ ọ̀gá ilé-ìwé sí ipò rẹ̀. Gọ́ọ̀mù bá wọn dé orí oúnjẹ alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti bu epo sí jẹnẹrétọ̀, kó tó lọ sórí bẹ́ńṣì, Fareedah ti tún ètò rẹ̀ ṣe lórí ìdúró, ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún Bọ̀dá Rilwan tó jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀:

AAGO MẸ́WÀÁ – ÌKÌLỌ̀ – Ẹ̀RỌ KEJÌ – bébà ti tán. Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba.

Baba kọ́kọ́ fajú ro. Lẹ́yìn náà ló kà á dé ìparí.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́," ó ní. "Ìkíni dára, ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jó, 'Iná o!' la ń kọ́kọ́ ké, a kì í ní 'Ẹ kú ilé o.' Ẹni tó bá sì da omi sílẹ̀, kó má dákẹ́ kí ẹlòmíràn máa yọ̀ ṣubú nínú rẹ̀. Fareedah ò dákẹ́, ìyẹn ni mo ṣe máa tún gbé ọ̀rọ̀ àga yẹn yẹ̀ wò."

Ó dìde, ó fi bébà sí ẹ̀rọ kejì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, ó wá yíjú sí kọ̀ǹpútà.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Wàá dàgbà."