Ìpè Tí Hàkímù Kò Jẹ́

Ìjà ni Hàkímù, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bá Ràódátù nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ aṣọ ìyá ọmọbìnrin náà ní àdúgbò Kalley: Ràódátù àti kọ̀ǹpútà. Ràódátù ní kí ẹ̀rọ náà kó àwòrán gbogbo àǹkárá jáde; láti ìgbà náà ló ti ń tẹ bọ́tìnì ìdádúró, tí kò gbọ́.

"Adití ni nǹkan yìí!"

"Kì í ṣe adití, arẹwà. Ìránṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní, tó ń yípo, tó ń béèrè pé, 'Ta ló pè?' Ẹni tó kọ ètò yìí di iṣẹ́ gígùn rù ú. Kò ráyè béèrè mọ́."

"Kí wá ni àtúnṣe?"

"Kí á gé iṣẹ́ náà kéékèèké. Bó bá ṣe díẹ̀, kó dá ẹni tó ń pè lóhùn, kó tó padà sídìí rẹ̀."

Hàkímù tún ètò náà kọ. Kó tó parí rẹ̀, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára. Àlùfáà Bùkárì, bàbá Ràódátù, ní kó wá kí òun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Jímọ̀ dé, Hàkímù kò dé. Ràódátù pè é títí, kò gbé fóònù. Bàbá ká ẹní tí wọ́n tẹ́ dè é.

"Ẹni tí kò jẹ́ ìpè wa lónìí, ṣé yóò jẹ́ tìrẹ lọ́la? Bí n kò bá rí i ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ó parí."

Owú gbé Ràódátù dé Dar es Salam, àdúgbò mìíràn nínú ìlú wọn, ní ìsọ̀ Ànísátù, aránṣọ tí Hàkímù ń kọ ètò fún. Ó bá àwọn méjèèjì níwájú kọ̀ǹpútà, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí.

"Ẹ kú ìfẹ́ o!"

"Ràó mi, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń lé tìróò?"

"Mo ní kí n kọ́kọ́ parí rẹ̀ ni."

"Ìwọ tí ò ń gé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tìrẹ kò ṣeé gé? Bàbá mi jókòó dè ọ́ títí. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni òpin."

Ànísátù rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá Hàkímù, ìyàwó yín mà le o!"

Ẹ̀rín náà dun Ràódátù ju èébú lọ.

Ní Jímọ̀ kejì, Hàkímù lóṣòó níwájú Bàbá. Ìkíni kò tíì parí tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ràódátù rí orúkọ Ànísátù lójú rẹ̀.

Hàkímù tọrọ àyè. "Mo gbọ́ yín. Ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó mi ni mo wà. N ó pè yín padà." Ó gbé e sílẹ̀, ó ń bá ìkíni lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti ń jẹ́ ìpè wàyí."

"Bàbá, kì í ṣe ìpè gbogbo ayé ni mo ní kó máa jẹ́!"

"Ràó mi," ni Hàkímù wí jẹ́jẹ́, "ẹnikẹ́ni lè pè mí. Ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó máa padà sí."

Bàbá ní kí wọ́n gbé obì wá. Ràódátù ló gbé e. Ṣùgbọ́n bó ti ń kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dojú fóònù náà délẹ̀.