Ríbọ́ọ̀nù Pupa Kì Í Sọ Ìwé Di Ojúlówó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, oòrùn Sohar, ní ilẹ̀ Oman, kò sì tíì le. Marivic Tumaneng sé ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí òórùn ẹja gbígbẹ tó ń dín má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní pálọ̀, Rodel ọkọ rẹ̀ ń di irun Althea, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì mọ̀ ọ́n dì.

"Sé e dáadáa o," ni Rodel wí. "Tó bá fi lè dé imú ìyá Khalid lókè yẹn, wọn á dá wa padà sí Iloilo tòun tẹja wa."

Marivic rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ló kọ́kọ́ fi dá gbé ìlú yìí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Oman ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, tó ń rí ọkọ àti ọmọ tó fi sílẹ̀ ní Iloilo, ní Philippines, lójú fóònù. Ọjọ́ ìbí Althea márùn-ún ló ṣe lójú fóònù báyìí. Ẹ̀kẹfà nìkan ló bọ́ sí àkókò ìsinmi tó lọ lò nílé. Ọdún tó kọjá ni ìwé ìgbélùú jáde fún àwọn méjèèjì, lábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà, wọ́n wà. Bí iṣẹ́ bá lọ, gbogbo wọn lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá ní oyè másítà kò ní rí àdéhùn iṣẹ́ tuntun gbà. Marivic ti ka tirẹ̀ tán, láti ọ̀nà jíjìn, lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ oyè ilẹ̀ òkèèrè wò ní Muscat, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ní kó wá. Ó rò pé òun kàn fẹ́ lọ buwọ́ lùwé ni.

Ọ̀gbẹ́ni Yaqoub tó gbà á lálejò ní ọ́fíìsì náà kì í ṣe òǹrorò. Ó bu kọfí fún un, ó ti àwo dàbínù sí iwájú rẹ̀, ó dúró títí ó fi jẹ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ìwé máàkì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ tì í.

"Tíṣà, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ yín kọ síbí ni pé ẹ jókòó ní kíláàsì ní Philippines, lójúkojú, gbogbo Sátidé, fún ọdún méjì." Ó ṣí ìwé ìrìnnà. "Òǹtẹ̀ ẹnubodè wa sọ pé Oman lẹ wà ní gbogbo àkókò yẹn. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?"

Marivic mú ìwé máàkì náà. Ó ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n máàkì nìkan ló ń wò. Kò ka ìlà kékeré tó wà lókè rí. Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà jíjìn ni òun gbà kẹ́kọ̀ọ́, pé òun ò purọ́ fẹ́nì kan.

"Kí ló dé tí ìwé kò wí bẹ́ẹ̀?"

"Ṣùgbọ́n ó ní ríbọ́ọ̀nù pupa, sà." Orúkọ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pe òǹtẹ̀ ìjọba nìyẹn títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ríbọ́ọ̀nù ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Lójú wọn, ìwé tó bá ti gba òǹtẹ̀ yẹn ti gba ìbùkún.

Yaqoub mi orí. Ó ní òǹtẹ̀ náà ń jẹ́rìí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé ló buwọ́ lù ú lóòótọ́. Kì í jẹ́rìí sí ohun tí ìwé wí. Ó ní òun ti kọ̀wé sí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fèsì: ilé ẹ̀kọ́ náà ní àṣẹ láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì, kò ní àṣẹ láti kọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn.

"Mi ò tíì kọ jìbìtì síbẹ̀," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ẹ ṣàlàyé. Ẹ má mú irọ́ kejì wá bá mi. Ìyẹn, ilé ẹjọ́ ló ń lọ."

Ibùdókọ̀ ni Marivic ti pe akọ̀wé àgbà Santa Remedios, ilé ẹ̀kọ́ tó fún un ní oyè náà. Ohùn ọkùnrin náà tutù bí ẹni tó ń fi ọmọ sùn.

"Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bá a ṣe ń ṣe é fún gbogbo àwọn tó wà lókè òkun nìyẹn. Tá a bá kọ ọ̀nà jíjìn síbẹ̀, ta ló máa gbà á? A máa kọ lẹ́tà fún yín pé ẹ máa ń wálé wá sí kíláàsì."

"Láti Oman? Gbogbo Sátidé?"

"A lè kọ 'lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan', mà."

Kó tó dé Sohar, lẹ́tà ti wọlé sórí fóònù rẹ̀, tòun ti òǹtẹ̀.

Rodel ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní èbúté Iloilo ló fi sílẹ̀ tẹ̀ lé ìyàwó. Ó ní kó fi ránṣẹ́. Marivic ní irọ́ ni. Ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni.

"Ìwọ tó ń bẹ̀rù irọ́, ìwé wo lo ti ń gbé kiri láti oṣù mẹ́fà?" ni Rodel bi í. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ já. "Vic, ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́kun àtimáa fi ẹnu ko fóònù lẹ́nu kó tó sùn ni."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Marivic fi gbé lẹ́tà yẹn kiri. Ó ń kọ́ni, ojú rẹ̀ ò sí nínú kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, tó tún gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ ló jókòó ti Sheeba Kurien, àgbà olùkọ́ ará Kerala ní ilẹ̀ India, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Ojú tì í láti sọ ọ́, nítorí Sheeba ti kìlọ̀ fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí Muscat. Nígbà náà, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ará Iloilo lórí fóònù ti ní Santa Remedios dára, ríbọ́ọ̀nù pupa wà, kò sí iṣẹ́ ìwádìí, kò sẹ́ni tó ń wá wo èèyàn ní kíláàsì. Kí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Marivic ti forúkọ sílẹ̀. Ó rò pé Sheeba ń jowú ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rù bà á pé bí òun bá béèrè, wọ́n lè sọ pé rárá.

"Àǹtí, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́ ẹ tó ràn mí lọ́wọ́," ló wí. "Mo tọ́ sí i."

"Mo ti fi ẹ́ ṣe tán lọ́kàn mi," ni Sheeba wí. "Gbé lẹ́tà yẹn wá." Ó kà á, ó pòṣé. "Tó o bá fi èyí ránṣẹ́, wọn á kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn. O ò ní lè kọ́ni ní ìlú kankan tó yí wa ká mọ́. Iṣẹ́ lo máa pàdánù lónìí. Má fi orúkọ lé e."

Marivic bi í pé báwo ni òun alára ṣe yan tirẹ̀, nítorí láti ọ̀nà jíjìn ni Sheeba náà ti gba oyè.

"Mi ò ti ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ni mo kọ́kọ́ bi: ṣé ẹ ń gba ti ọ̀nà jíjìn, ọjọ́ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ fojú kan ilé ẹ̀kọ́? Mo gba èsì lákọsílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó bi ìjọba ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wà bóyá wọ́n fún un láṣẹ fún ẹ̀kọ́ yẹn, ní ọ̀nà yẹn gan-an. Àṣẹ tilé ẹ̀kọ́ lápapọ̀ ò tó. Mo ní kí ilé ẹ̀kọ́ fi ìwé máàkì ẹni tó ti ṣe tán hàn mí, mo ka gbogbo ìlà ẹ̀. Mo wá ẹni méjì tó fi oyè yẹn ríṣẹ́ ní Oman níbí. Àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ náà rán wá wò mí nígbà tí mo ń kọ́ni fojú mi rí màbo, àmọ́ àwọn ni wọ́n sọ mí di tíṣà. Oṣù mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀ gbà mí. Ìwọ sì ní mò ń fàkókò ṣòfò."

Marivic pa lẹ́tà náà rẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá, ó padà sọ́dọ̀ Yaqoub, ó kọ òtítọ́ sílẹ̀ ní ojú ewé méjì, ó sì buwọ́ lù ú. Ọkùnrin náà kà á títí dé ìsàlẹ̀. Kò kọ jìbìtì. Ṣùgbọ́n kò gba oyè náà wọlé, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì tún àdéhùn ṣe. Wọ́n jẹ́ kó kọ́ni di òpin sáà.

Ní oṣù kẹfà, Rodel àti Althea ṣáájú padà sí Iloilo. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn mú fóònù ìyá rẹ̀, ó wo iye iná tó kù nínú rẹ̀, ó sì ní, "Mámà, ẹ má jẹ́ kó máa kú o." Rodel yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí Marivic ti pápákọ̀ délé, ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Iloilo. Ẹnì kan bú u pé ó fẹ́ ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn mẹ́ta kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀ pé àwọn ṣì wà ní Santa Remedios, kí ni káwọn ṣe? Ó ní kí wọ́n dá ẹ̀kọ́ náà dúró ná, kí wọ́n kọ̀wé béèrè lónìí lọ́wọ́ àwọn tó máa yẹ oyè wọn wò.

Ìwọ olùkọ́ tó wà lẹ́yìn odi, tó o fẹ́ gba oyè láìkúrò nídìí iṣẹ́ rẹ, ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ẹ̀kọ́ burúkú. Èyí tí kò lè jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú ìwé ni kó o sá fún. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ ṣe ìwádìí. Kọ lẹ́tà sí àwọn tó máa yẹ ìwé rẹ wò, kí o tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Wọ́n lè sọ pé rárá. Gbà á bẹ́ẹ̀ lónìí, nígbà tí ìwọ nìkan ló ṣì máa dùn.