Ẹ̀wù Tí Télọ̀ Rán fún Tọ́bò

Ṣé ẹ mọ bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń gun òkè? Ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbàlagbà ni. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ àbúrò mi ní. Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, torí iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe. Èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ panápaná. Ẹnu mi mú díẹ̀, ẹ má bínú.

Orí òkè ni màmá wa ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni Télọ̀ àti àbúrò mi máa ń wa ọkọ̀ yẹn lọ kí wọn. Tí wọ́n bá ti dé kọ́nà kejì, níbi tí òkè ti le jù, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Àbúrò mi á bọ́ọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Á máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á sì máa kí ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé: "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ ò ní sáré fi mí sílẹ̀ báyìí?"

"Lọ́jọ́ kan, wàá jókòó títí dé ẹnu ọ̀nà màmá," ni Télọ̀ máa ń dá a lóhùn. "Mo ṣèlérí."

Àìsàn ò jẹ́ kí ọjọ́ yẹn dé. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí a ti sin àbúrò mi, Télọ̀ ò sì gun òkè náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Tí màmá bá pè é lórí fóònù, á ní òun ń bọ̀. Ìyá arúgbó á gbé àga síta ní Sọ́ńdè, wọ́n á máa wo títì títí oòrùn á fi wọ̀.

Ohun tó gbé mi lọ bá Télọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyẹn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti bá a, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sílẹ̀, gírísì ti kun ọwọ́ tó yẹ kó fi di abẹ́rẹ́ mú.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá wo nǹkan."

"Kí lo gbé síbẹ̀ tó dà bí ìgbín onírin yìí?"

"Tọ́bò ni. Èéfín gbígbóná tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde ló máa ń yí i, òun náà á wá máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára ẹ̀ lè pọ̀. Ara ọkọ̀ kan tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ti tú u. Mo fẹnu fẹ́ ẹ kí n tó rà á, ó ń yí fìrìfìrì."

"Mẹkáníìkì wo ló bá ọ dè é?"

"Èmi náà ni. Mo wo fídíò."

"Ó dáa. Ẹni tó bá wo fídíò iṣẹ́ abẹ, kó yáa mú ọ̀bẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé tọ́bò wọṣọ.

"Ẹ̀wù ni mo rán fún un," ló wí. "Nínú fídíò yẹn, wọ́n máa ń fi nǹkan wé e kí ooru má baà jáde. Jíǹsì ni, ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ wo ojú rírán ẹ̀."

Mi ò ní purọ́, ó rán an dáadáa. Ẹ̀wù náà ní ọrùn, ó ní bọ́tìnnì mẹ́rin.

"Ó ku fìlà," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀la ni mo fẹ́ gun òkè. Mo fẹ́ kí ìjókòó àbúrò yín dé ẹnu ọ̀nà màmá láìsí pé ẹnikẹ́ni bọ́ọ́lẹ̀. Màá wá gbé màmá sínú ọkọ̀, kí àwọn náà mọ̀ pé mo mú ìlérí mi ṣẹ. Àárò ẹ̀ ń sọ mí. Tí mo bá ń rán aṣọ, tí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín níta, mo ṣì máa ń gbójú sókè."

Èmi náà máa ń gbójú sókè. Ẹnu mímú kú lẹ́nu mi. Kí n tó ní kó dúró, ó ti wọ inú ọkọ̀, ó ti yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ó fẹsẹ̀ tẹ iná ọkọ̀ sí i, tọ́bò fọn bíi fèrè. Lẹ́yìn náà ni òórùn ọ́ìlì tó ń jóná kàn mí nímú. Ọ́ìlì ń sun jáde lẹ́nu rọ́bà kan, ẹ̀wù jíǹsì ń mu ún. Èéfín yọ lọ́rùn ẹ̀wù, iná sì sọ.

"Pa ẹ́ńjìnnì! Bọ́ọ́lẹ̀!"

Ó pa á, ó bọ́ọ́lẹ̀, àmọ́ kàkà kó sá, korobá omi ló gbé.

"Má da omi sí i! Omi á gbé epo tó ń jó káàkiri ni! Sún sẹ́yìn!"

Mo sáré mú àgbá pupa kékeré tí mo fi ń paná nínú ọkọ̀ mi, mo sì fọ́n ọn sí ìdí iná náà. Ó kú. Nínú bọ́tìnnì mẹ́rin, kò ṣẹ́ ku ọ̀kan.

Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí irin tutù, mo pè é wá síbẹ̀, torí a máa ń yẹ ọkọ̀ tó jóná wò lẹ́nu iṣẹ́ wa, mo sì mọ ibi tí mo máa wò. Mo di irin àárín tọ́bò náà mú, mo mì í.

"O rí i? Abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ ń ha ara ilé ẹ̀. Ó ti jẹ tán kí wọ́n tó tà á fún ọ. Pé ó ń yí kò ní kó dára. Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wá síbí ńkọ́?"

"Rọ́bà gáàsì ìdáná ni. Mo ní tó bá lè gbé gáàsì, ó lè gbé ọ́ìlì."

"Háà, Télọ̀! Irin yìí lè gbóná títí á fi pọ́n bí ẹyin iná. Rọ́bà yẹn á yọ́. Nǹkan tí o rí nínú fídíò, ohun tí iná kì í jó ni wọ́n fi hun ún, kì í ṣe jíǹsì. Ẹ́ńjìnnì rẹ náà, wọn ò ṣe é fún afẹ́fẹ́ tó pọ̀ báyìí, inú ẹ̀ lè fọ́. Ká tiẹ̀ ní ó gòkè, bíréèkì wo lo fẹ́ fi sọ̀ kalẹ̀? Pẹ̀lú màmá nínú ọkọ̀?"

Télọ̀ fi àkísà nu ọwọ́. "Mo ṣèlérí fún un, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀. Ṣé ó ráhùn rí pé òun ń fẹsẹ̀ rìn?"

Ó ronú. "Rárá o. Ẹ̀rín ló máa ń rín."

A pe mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Ó tú tọ́bò kúrò, ó dá ẹ́ńjìnnì padà sí bó ṣe wà, ó sì tún bíréèkì ṣe. Ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì, Télọ̀ wakọ̀, mo jókòó tì í. Nígbà tí a dé kọ́nà kejì, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ọ́lẹ̀.

Mo sanra o, èmi ni mò ń mí ju ọkọ̀ lọ. Síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé, mo ní, "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ kú ìrìn o."

Télọ̀ ò wo ojú mi. Ó di sítíárìn ọkọ̀ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dénú lọ́tẹ̀ yìí. Lókè, màmá ti dìde lórí àga wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi tọ́bò àlòkù sí i fúnra yín torí pé ẹ wo fídíò. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó yẹ tọ́bò náà wò, kó sì sọ bóyá ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì yín lè gbà á. Tó bá ní kò lè gbà á, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà gáàsì ìdáná gbé ọ́ìlì, ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ sún mọ́ irin gbígbóná. Tí epo bá ń jó, ẹ má da omi sí i. Ẹ ní àgbá ìpaná nínú ọkọ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó gbé àga síta dè yín kò béèrè bí ẹ ṣe yára tó. Ó kàn fẹ́ kí ẹ dé ni.