Ẹnu Tí Irùngbọ̀n Bò Mọ́lẹ̀

Ní ọ̀sán Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù kan nípa oníbàtà, ẹni tó ń kan bàtà, han àwọn ará Los Angeles, lọ́dún 1926, irọ́ lórí irọ́ ni Leander Mott ti pa fún ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní wọ́n ti ta gbogbo ìjókòó ilé sinimá náà tán. Ó tún ní fíìmù ọ̀hún kò dára, pé ojú á ti àwọn méjèèjì níbẹ̀. Idella ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, torí ojú ni adití fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rín sì ń pa á. Ó ti dé fìlà tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní ìyẹ́ ẹyẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

“Leander,” ó fi ohùn rẹ̀ tó máa ń ròkè tó sì ń rọlẹ̀ láìnídìí sọ ọ́, “àfi bí wọ́n bá ti ń gbé òkú mi lọ ni mi ò fi ní í wo fíìmù yìí. Lọ wọ kóòtù rẹ.”

Ó lọ wọ kóòtù. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n Leander ti fi sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀sán ọjọ́ náà ni iná fẹ́ jó dé àjà.

Kì í ṣe pé Leander jẹ́ gbajúmọ̀. Ní Hollywood ìgbà náà, àwọn arẹwà ni wọ́n ń fi iná mànàmáná kọ orúkọ wọn síwájú ilé sinimá. Irú àwọn Leander, baba ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ṣe adájọ́ ọ̀mùtí, wọ́n ń ṣe àlùfáà, wọ́n ń ṣe arúgbó ahun. Láti ìgbà tó ti ń bá ẹgbẹ́ òṣèré kiri àwọn ìlú kéékèèké Ohio ló ti mọ̀ pé ojú òun kò lè fa ọmọge kankan mọ́ra, ló bá sọ irùngbọ̀n àtọwọ́dá di iṣẹ́. Àpótí rẹ̀ kún fún un: funfun bí òwú wà níbẹ̀, pupa ti atukọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, èyí tó ṣe ṣóńṣó bíi ti òbúkọ náà wà. Kò tíì pé ogójì ọdún tó ti ń ṣe bàbá àgbà fún àwọn tó jù ú lọ. Bó bá ti yọ lójú aṣọ sinimá, àwọn èèyàn á ní, “Hẹn, bàbá yẹn tún dé,” kò sì sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ rẹ̀. Ilé nìkan ló ti ní oríkì. Onírùngbọ̀n ni Idella ń pè é.

Ẹkún ni àwọn olùdarí fíìmù torí ẹ̀ ń wá a kiri. Fíìmù kò ní ohùn nígbà náà, ojú òṣèré ló ń ru gbogbo ẹrù. Àwọn mìíràn á ti kó àlùbọ́sà sápò kí wọ́n tó lè rí omi lójú, ṣùgbọ́n Leander kò nílò àlùbọ́sà. Kí ẹni tó ń ta gòjé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà ṣáà bẹ̀rẹ̀, kí Leander kúnlẹ̀, kí ètè rẹ̀ máa mì lábẹ́ irùngbọ̀n, omijé á bọ́ wàràwàrà. Ohun tó ń sọ lábẹ́ irùngbọ̀n náà kò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá wu òṣèré ló ń sọ, kámẹ́rà kò létí.

Àwọn adití nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, Idella àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Hester Pruitt pẹ̀lú àwọn adití ẹgbẹ́ wọn ló máa ń jókòó sí ìlà iwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin á di ọmọge mú lójú aṣọ, gbogbo ilé sinimá á mí kanlẹ̀, ọmọge náà á sì máa sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ń rùn. Ìlà iwájú á fi ẹ̀rín bú sí i níbi tí àwọn tó kù ti ń nu ojú. Ibẹ̀ nìkan ni adití ti mọ̀ ju ẹni tó létí lọ nílùú wa, wọn kì í sì í fi í ṣeré.

Ẹnu Leander nìkan ni wọn kò gbọ́ rí, irùngbọ̀n ti bò ó. Ìyẹn sì tẹ́ Leander lọ́rùn, torí ohun tó ń sọ níbẹ̀ kò sí ibòmíràn tó ti sọ ọ́ rí.

Wọ́n ti bí ọmọ kan rí, Opal. Bí àwọn ìyá adití kan ti máa ń ṣe, Idella a máa so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ náà bí wọ́n bá fẹ́ sùn, a sì so ìdí kejì mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ọmọ bá ti mira, okùn á fà, ìyá á jí. Kò sí ẹkún Opal tí okùn náà kò jíṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ wá ní ikọ́ kan tó máa ń fún ọmọdé lọ́fun, Idella sì tọ́jú rẹ̀ títí ojú ara rẹ̀ fi jìn wọnú. Nígbà tí Leander ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí i pé okùn náà kò jẹ́ kí obìnrin náà rí oorun sùn rárá, àánú sì ṣe é. Nígbà tí Idella tòògbé díẹ̀, ó rọra tú u kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á jókòó ti ọmọ. Àánú ni, ẹ má ṣe jẹ́ ká pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n òun náà ti wà lábẹ́ iná kámẹ́rà láti òwúrọ̀, oorun gbé e lọ lórí àga. Ìgbà tó fi máa jí, ọmọ ti tutù.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ, ìbànújẹ́ lásán ni ìbá jẹ́. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Kí Idella tó lajú, ẹ̀rù bà á, ó sì so okùn náà padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Idella jí, ó rí ọmọ, ó rí okùn. Ó ní ọmọ òun fa okùn títí, òun sì sùn bí igi. Láti ìgbà náà, bó bá ń rán fìlà lọ́wọ́, a kàn dáwọ́ dúró, a máa fi ìka pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀. “Ó fà á,” a ní, “ó fà á, mi ò jí.” Leander a dì mọ́ ọn, a ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ẹ̀bi.

Iwájú kámẹ́rà ló ti ń sọ ọ́ fún Opal, lábẹ́ irùngbọ̀n, nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kó sunkún.

Nígbà tó yá, olùdarí kan tó ń jẹ́ Lund fẹ́ ṣe fíìmù nípa oníbàtà kan tí ọmọ rẹ̀ kú sínú kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú. Ó fi Leander ṣe oníbàtà náà, ipò tó ga jù lọ tó tíì dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní kó fi ojú lásán ṣe é, kò fẹ́ irùngbọ̀n, ó fẹ́ rí ètè tó ń gbọ̀n. Leander kọ̀ jálẹ̀. Ó délé, ó rò ó fún Idella, ó rò pé á bá òun bínú sí Lund.

“Gbà fún un,” ni Idella wí. “Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, irùngbọ̀n ni mò ń lọ wò. Hester ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ gbogbo èèyàn, èmi ò tíì gbọ́ ti ọkọ mi. Jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.”

Leander gbà.

Ó ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, òun á pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ya ibi pósí, gòjé bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì gba ojú ọ̀nà tó ti mọ̀ lọ. Nígbà tí Lund ní ó tó, ẹni tó ń yí kámẹ́rà ń fi apá aṣọ nu ojú. Leander gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n láti ṣí irùngbọ̀n kúrò bó ti máa ń ṣe. Awọ ara rẹ̀ ni ọwọ́ bà.

Ó bẹ Lund pé kí wọ́n tún un yà. Lund wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

“Irú omijé yẹn kì í wá lẹ́ẹ̀mejì, Leander. Mo ti ní kí wọ́n ya ẹnu rẹ nítòsí. Ó máa tóbi tó ògiri.”

Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé tí mò ń sọ yìí, Leander láǹfààní láti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Á la ẹnu nídìí oúnjẹ, Idella á gbójú sókè, á dúró láti gbọ́, Leander á wá ní ọ̀dùnkún náà kò níyọ̀ tó. Bó ṣe lo gbogbo ọjọ́ náà nìyẹn.

Wọ́n dé ilé sinimá. Hester ti gba àyè sílẹ̀ fún wọn ní ìlà iwájú, gbogbo ẹgbẹ́ ló wá, wọ́n fi Leander ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní ẹnu. Idella fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa kó lè máa mọ ìró dùùrù láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, oníbàtà ń kan bàtà, ọmọ rẹ̀ wọ kòtò lọ, wọ́n gbé pósí wọlé. Àkọlé kan hàn fún àwọn tó létí: “Ọmọ mi, dúró dè mí.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnu Leander gba gbogbo ojú aṣọ.

“Opal,” ni ẹnu náà wí, “èmi ni mo tú okùn náà. Mo ní mo máa ṣọ́ ẹ, mo sùn lọ. Mo so ó padà mọ́ ìyá rẹ lọ́wọ́ torí ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí o ń fà á, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ọwọ́ tí Hester fi ń sọ̀rọ̀ bíi ti àwọn adití dúró sínú afẹ́fẹ́. Ìlà iwájú yí ojú sí Idella lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún gbé e kúrò. Lẹ́yìn wọn, gbogbo ilé ń sunkún, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Idella fi ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ títí fíìmù fi tán.

Àwọn èèyàn bo Leander. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní òun kò rí irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ lójú òṣèré rí. Nígbà tó rí ọ̀nà jáde, Idella dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú oòrùn. Leander lọ dúró síwájú rẹ̀, ó la ẹnu.

Idella pa ojú dé.

Kò sí ohun mìíràn tí adití nílò láti di etí. Ó bá a padà sílé, ó ń se oúnjẹ, ó ń rán fìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ètè Leander bá ti mì, á pa ojú dé. Leander kọ ọ́ sórí ìwé, Idella fi ìwé náà dáná kọfí. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà sí rere: kò fi ìka pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Kò pẹ́ tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlú yọ̀, wọ́n ní ayé ti dé òkè. Ìlà iwájú ló túká. Àwọn òṣèré ń kẹ́yìn síra wọn sọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu kò hàn mọ́, Hester ní òun kò lè máa lọ wo ògiri. Lund tún pe Leander láti wá ṣe baba tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbohùn pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó, wọ́n ní kí onígòjé máa lọ sílé, wọ́n ní kí Leander sunkún. Leander la ẹnu, ó sì rí i pé gbogbo èèyàn ló máa gbọ́. Ojú rẹ̀ gbẹ. Wọ́n dúró dè é títí, wọ́n wá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àárín èrò ni wọ́n ń fi í sí, nígbà tó ṣe, wọn kò pè é mọ́. Àwọn fíìmù àtijọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ni wọ́n bá ń yọ́ wọn láti rí fàdákà tó wà lára wọn. Fíìmù oníbàtà náà bá wọn lọ, ó di fàdákà. Ibi kan ṣoṣo tí Leander Mott ti sọ òótọ́ náà tí ẹlòmíràn rí i kò sí mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn àyà ni ó wá dá Idella dúbúlẹ̀. Leander ti ní irùngbọ̀n tòótọ́ nígbà náà, funfun, tí kò nílò gọ́ọ̀mù. Ó gbé omi wọlé fún un ní òwúrọ̀ kan, Idella sì wo ojú rẹ̀ pẹ́.

“Fá a,” ó ní.

Ó lọ fá a. Ó gé ara rẹ̀ lágbọ̀n. Ó padà wá jókòó sétí ibùsùn.

“Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà,” ni Idella wí. “Pé o sùn lọ, mo ti dárí ìyẹn jì ọ́ kí n tó délé. Ohun tó pa mí ni pé òkú lo sọ ọ́ fún. Èmi wà láàyè nínú ilé, o ò sọ ọ́ fún mi.”

Leander wá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè rí ètè rẹ̀ dáadáa, Idella kò sì pa ojú dé. Nígbà tó parí, Idella fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó na ìdí kejì sí ọkọ rẹ̀.

“Bí mo bá fà á, kí o jí,” ó ní. “Má tú u.”

Leander so ó mọ́ ọwọ́ tirẹ̀, kò sùn. Ó jókòó títí di ọ̀sán, oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé, ó ń wo okùn. Idella kò fà á. Ìgbà tí Leander fọwọ́ kàn án ló tó mọ̀ pé ó ti lọ.

Nígbà tí àwọn tó máa gbé òkú dé, wọ́n rọra ní kí bàbá tú okùn náà kí àwọn lè ṣiṣẹ́. Ó ní òun kò lè tú u. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ọ̀kan nínú wọn bá mú àlùmọ́gàjí, ó gé e láàárín. Apá kan bá Idella wọlẹ̀. Apá kejì wà lọ́wọ́ Leander títí ó fi rí gẹ́lẹ́ bí àwọn arúgbó tó máa ń ṣe nínú fíìmù, àwa tí a jọ ń gbé àdúgbò sì máa ń rí i tó bá ń ra búrẹ́dì rẹ̀.