Àbùdá Màmá Àgbà

Ní Ẹ̀yìn-Òṣùpá, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí òṣùpá, ènìyàn kì í bu oúnjẹ fún ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Apínjẹ ló ń bù ú. Apínjẹ á tọ́ itọ́ ẹni wò, á ka àbùdá tó bá a wáyé, á sì gbé oúnjẹ tó yẹ ẹ́ síwájú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń tọ́jú ọ̀rá pa mọ́ á gba ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ń jó ọ̀rá dànù á gba iyán.

Àfi nílé Baba Ògúnṣeyè. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá Baba kú ni wọ́n bí Yétúndé, ọmọ rẹ̀ kékeré, Baba kò sì gbà kí ẹ̀rọ kankan tọ́ itọ́ ọmọ náà wò.

"Bàbá, orúkọ kì í yí àbùdá padà," ni Dókítà Awóníyì, ọ̀gá àwọn onímọ̀, wí.

"Ìyá mi ni mo ní kí o fún lóúnjẹ," Baba dáhùn. "Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni nígbà tó kú, kò sì sanra rí. Iyán, ẹ̀gúsí elépo àti ẹran ìgbẹ́ ló ń jẹ. Òun náà ni kí ẹ̀rọ yín máa bù fún un."

Baba wà lára àwọn tó tẹ ìlú náà dó, Dókítà bá gbà.

Adùnọlá, àkọ́bí ilé, á jókòó ti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tirẹ̀, á máa wo àbúrò rẹ̀ tó ń bu òkèlè. Kì í ṣe iyán ló dùn ún jù. "Ìyá mi" ni Baba ń pe Yétúndé, kì í sì í ra aṣọ láìbi í léèrè. Adùnọlá tó ń fọ aṣọ náà, "ìwọ" lásán ni. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti Adùnọlá kúkú rí bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti owú ló jọ fà á gbẹ.

Ìdí Atúdìí, ẹ̀rọ tó ń tú àbùdá wò fínnífínní, ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó yọ irun kan lára òòyà Màmá Àgbà, ìyá Baba, tí Baba gbé wá láti ayé, ó mú ife tí Yétúndé fi mumi, ó sì kó méjèèjì fún Atúdìí. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ́rìí pé Yétúndé kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni.

Òdìkejì ni ẹ̀rọ sọ. Àbùdá tó ń darí ọ̀rá nínú ara àwọn méjèèjì, ọ̀kan náà ni: àbùdá ahun, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán epo kan lọ. Kí ló wá dé tí Màmá Àgbà kò fi sanra? Ẹ̀gbọ́n Baba ti sọ ọ́ fún Adùnọlá rí. Iléèwé ìlú mìíràn ni Baba gbé dàgbà, ìgbà ọdún nìkan ló ń wálé, ìgbà ọdún nìkan sì ni iyán ń pọ̀. Láwọn oṣù yòókù, ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sísun ni ìyá rẹ̀ ń jẹ, ó sì ń fẹsẹ̀ rin oko lọ rin oko bọ̀. Ní Ẹ̀yìn-Òṣùpá, kò sí ìyàn, kò sí oko.

Adùnọlá mọ̀ pé iyán yìí yóò ṣe Yétúndé ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n bí ó bá lanu, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ pé Màmá Àgbà ló padà wá lóòótọ́. Ó pa èsì náà rẹ́.

Yétúndé ń sanra, ilé sì ń yìn ín pé ara rẹ̀ ń dán. Lọ́dún kẹrin lẹ́yìn náà, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ìgbà náà ni Baba tó gbà kí Dókítà Awóníyì yẹ àbùdá rẹ̀ wò. Èsì jáde, Dókítà sì wò ó títí.

"Ẹnì kan ti yẹ èyí wò rí, ó sì pa á rẹ́," ó wí. "Ẹ̀rọ kì í gbàgbé." Ó yíjú sí Adùnọlá.

Adùnọlá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Yétúndé. "Èmi ni," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Yétúndé bi í.

"Ó di ọdún mẹ́rin."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mo ń jowú ni."

"Ẹ bá mi wo ojú Baba," Yétúndé wí. "Ṣé wọ́n ń sunkún?"

Adùnọlá gbójú sókè. Baba ń sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun Adùnọlá ló tẹjú mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Yétúndé, Baba kò wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.