Báàgì Kejì Tí Tíṣà Kò Tú Wò

Ara Tíṣà Ìṣirò yá gágá ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Kíláàsì rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ ṣe ìdánwò láti wọ yunifásítì fún oyè kejì ló ń kọ́. Akọ̀wé báńkì kan wà níwájú, tó máa ń sáré dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó ronú. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì wà lẹ́yìn, tó máa ń tòògbé bí wọ́n bá ti dárúkọ ìdá.

Irú ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò náà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọn kò ní kí o wá ìdáhùn. Wọ́n á béèrè nǹkan, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ méjì fún ọ, wọ́n á wá bi ọ́ bóyá ọ̀rọ̀ méjèèjì tó láti fi mọ ìdáhùn. Ó tó, àbí kò tó? Iṣẹ́ rẹ ò ju ìyẹn lọ. Tíṣà mọ̀ ọ́n kọ́ débi pé "Kò Tó" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é tó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

"Ibi tẹ́tẹ́ la wà lónìí," ló wí, ó sì ya báàgì méjì sójú pátákó. "Bọ́ọ̀lù méjì-méjì ló wà nínú báàgì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fa ọ̀kan nínú ti àkọ́kọ́, ẹ ó fa ọ̀kan nínú èkejì, láìwò. Bí méjèèjì bá jẹ́ pupa, ẹ ti pàdánù. Ìbéèrè: báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹ pàdánù? Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní: pupa kan àti funfun kan ló wà nínú báàgì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kejì: ẹni tó ni báàgì kejì ní òun ò rí pupa jáde níbẹ̀ rí. Ó tó, àbí kò tó?"

"Ó tó, sà!" ni akọ̀wé báńkì wí. "Tí pupa ò bá jáde rí, a jẹ́ pé funfun nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ta ló tú u wò?"

Tíṣà na ìka sí báàgì kejì lójú pátákó.

"Ẹnu lásán lẹ gbà gbọ́. Pupa kan lè wà níbẹ̀, kó kàn jẹ́ pé funfun ni ọwọ́ wọn ń bà. Tó bá wà níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ fi máa pàdánù. Tí kò bá sí, ẹ ò lè pàdánù láéláé. Ṣé ọ̀kan náà nìyẹn? Ẹ tú báàgì kejì wò!"

"Kò tó!" ni gbogbo kíláàsì pariwo, tí ọ̀gá ọlọ́pàá fi ta jí. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí fóònù Tíṣà dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Tíṣà, ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù. Lọ́yà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Lọ́yà ni ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí o bá ní kó lọ sùn, á bi ọ́ pé ta ló ṣe òfin náà àti pé ṣé òfin náà kan ẹ̀gbọ́n òun. Kí wọ́n wá sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀! Tíṣà ò rántí pa iná kíláàsì.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì.

"Ó ń mu tíì ni," ló wí. "Ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Mo ní kí ló dé, ó kàn ń wò mí. Ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sápá kan."

Dókítà, obìnrin kan tó ti ń hewú, pè wọ́n wọlé.

"Ṣé eegun máa ń ro ọmọ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, láti kékeré," ni ìyá dáhùn. "Nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ wú. Wọ́n ní eyín ló ń hù."

Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun ọmọ náà lọ́dún tó kọjá, òun náà ló ní ó ń ga ni.

"Àyẹ̀wò tí a ṣe ti jáde," ni dókítà wí. "SS ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ẹ̀jẹ̀ ti dí iṣan kan nínú ọpọlọ ẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni."

"Rọpárọsẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́fà?"

"Ó máa ń ṣe ọmọdé tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí. Ká ní a ti tètè mọ̀ ni, ọdọọdún la ò bá máa fi ẹ̀rọ yẹ iṣan orí ẹ̀ wò. Tí a bá rí ewu, ẹ̀jẹ̀ la máa ń fà sí wọn lára déédéé kó má bàa ṣẹlẹ̀. Oògùn ojoojúmọ́ náà wà tó ń dín ìrora kù." Ó gbé bíírò rẹ̀. "Kí ni ẹ̀jẹ̀ tiyín?"

"AS ni mí, mà," ni ìyàwó wí. "Mo ti mọ̀ kí n tó wọlé ọkọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Tíṣà ò mọ tirẹ̀.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn ku oṣù méjì, obìnrin náà mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wá, ó ní kí ọkọ òun náà lọ ṣe tirẹ̀. Tíṣà ní ọwọ́ òun dí. Ó tún sọ, Tíṣà ní òun ò ṣàìsàn rí, pé bàbá òun ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ máa rán aṣọ ìyàwó. Ó gbà. Ta ni yóò bá ẹni tó ń fi ìṣirò jẹun jiyàn? Àkọ́bí wọn dé, ọmọkùnrin alára líle, ọ̀rọ̀ náà sì tán nílẹ̀. Ìbínú ń gbé mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

"Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn," ni dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ara ẹ̀ lè le koko títí ayé. Àmọ́ ọmọ máa ń gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá, á gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá. Tó bá gba S lọ́wọ́ àwọn méjèèjì..."

"Ìdá kan nínú mẹ́rin," ni Tíṣà wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Òun ni mo kọ́ kíláàsì láàárọ̀ yìí."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Kí lo kọ́ wọn?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò sọ "o" sí i rí. Tíṣà sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, báàgì méjèèjì. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́."

"O bẹ̀ mí."

"O sì fi mí rẹ́rìn-ín." Ó wá kọjú sí dókítà. "Mà, ìkan nínú mẹ́rin yẹn, ṣé ó ti kúrò nílẹ̀ báyìí? Ṣé àwọn mẹ́ta tó kù á là?"

Tíṣà ló dáhùn. "Rárá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ti ìṣáájú ò kàn án."

Ìwé àyẹ̀wò Tíṣà jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. AS ni. Wọ́n yẹ àkọ́bí náà wò, òun náà jẹ́ AS, yóò sì ní láti sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Oṣù méje ti kọjá. Oṣooṣù ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí Lọ́yà lára. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ṣíbí mú. Ọ̀rọ̀ bí ogún ló ti padà sẹ́nu rẹ̀. Tó bá ń wá òmíràn tí kò rí i, á máa fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì, omi á sì máa dà lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ á jókòó tì í, á máa dúró dè é.

Tíṣà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Akọ̀wé báńkì, tí ìgbéyàwó tirẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ní òun àti àfẹ́sọ́nà òun ń lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, ara líle kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Ọmọ kan tó là kò sọ nǹkan kan nípa èyí tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti bímọ tí ẹ kò sì mọ ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ bá wú, dókítà ni kí ó sọ ohun tó fà á fún yín. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ra, kí oníkálukú mú ìwé tirẹ̀ wá, kí ẹ jọ kà á kí ìfẹ́ tó wọra jù. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ilé àyẹ̀wò á ṣí láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ lọ, ẹ̀yin méjèèjì.