Ẹ̀rín Ilé Hvammur

"Yà á, jàre! Ta ló fẹ́ rí i?"

Ormur ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó fara ti tábìlì nílé ìjẹun ilé ìwé wọn, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀. Hallbera, ọ̀rẹ́ rẹ̀, mú pẹ́ńsù dání, kò yàwòrán, kò sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ti kún fún àwòrán ẹ̀fẹ̀ àwọn ará àfonífojì wọn. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó wa mọ́tò sínú kòtò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó olùkọ́ náà wà níbẹ̀, ẹni tí àgbò ara rẹ̀ lé gun òrùlé. Ilé mẹ́rìndínlógún ló ti yà. Ó ku ẹyọ kan.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún ní ìgbèríko Iceland. Bí òtútù bá ti mú débi tí eyín ń gbá eyín, gbogbo àfonífojì á kó ara wọn jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n á jẹ orí àgùntàn sísun àti ẹja olóòórùn, ìgbìmọ̀ àsè á wá ka ìtàn ọdún tó kọjá. Kì í ṣe ìtàn oríire o! Ìtìjú olúkúlùkù ni wọ́n ń kà, àwòrán rẹ̀ á sì máa hàn gàdàgbà lára ògiri. Wọn kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n dá òun sí, torí ilé tí wọn ò bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ á di kùnrùngbùn títí ẹ̀ẹ̀rùn. Hallbera kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Wọn ò gbé iṣẹ́ àwòrán náà fún ọmọdé rí, òun sì ni wọ́n wá gbé e fún. Láti ọjọ́ náà ni orí rẹ̀ ti wú.

Ilé tó kù ni Hvammur, ilé Ketill. Ní oṣù kọkànlá, bàbá àgbàlagbà yìí wa katakata rẹ̀ gba orí adágún tó ti dì, ó ń gbé koríko lọ fún àgùntàn rẹ̀ lódìkejì. Yìnyín já. Bàbá àti katakata rì papọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá kí wọ́n tó fa katakata jáde. Ketill yìí kan náà ló fi ọgbọ̀n ọdún kọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kà níbi àsè.

Bergur, àbúrò ìyá Hallbera, ni olórí ìgbìmọ̀. Ó ti kìlọ̀ fún un. "Hvammur kọ́ o. A ò ní fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lọ́dún yìí. Abẹ́là ìrántí kan ni kí o yà síbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún Hallbera. Àwòrán náà ti wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: Ketill jókòó sórí katakata nísàlẹ̀ adágún, ó ń sọ fún ẹja ńlá kan pé, "Má mikàn, yìnyín yìí á gbé wa dúró." Bó bá ti rántí rẹ̀, ẹ̀rín á gbọ̀n ọ́n, ojú á sì tún tì í pé òun rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kò burú?" ó bi Ormur.

"Kí ló burú níbẹ̀? Bí Ketill bá rí i, ẹ̀rín ni ì bá pa á."

Ó gé búrẹ́dì jẹ. Ormur ní, "Ó mà ti kú." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin.

Hallbera yà á. Kò tíì gbé pẹ́ńsù kúrò tí Ormur fi yọ fóònù, ó ti yà á ní fọ́tò. "Fún àwa mélòó kan náà ni," ó ní. Àwa mélòó kan! Kí wọ́n tó jáde ní kíláàsì tó kẹ́yìn, gbogbo ilé ìwé ti rí i. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè tí kì í kí Hallbera rí ń gbá a léjìká, wọ́n ń ní, "Orí ẹ pé jọ̀ọ́!" Ó dùn mọ́ ọn. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ ọn dé eegun.

Ìgbà tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló rí Styrmir. Ọmọ-ọmọ Ketill ni, Hvammur ló ń gbé, láti kíláàsì kìíní ni òun àti Hallbera ti ń jókòó pọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu bàbá inú àwòrán náà, ó tún un kà, ó da ojú fóònù dé orí tábìlì, ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò wá sílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ dé etí Bergur. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó wọ ilé Hallbera.

"Abẹ́là ni mo ní kí o yà! Ṣé abẹ́là ló jọ ẹja lójú ẹ ni?"

"Àǹkù, ẹ̀fẹ̀ lásán ni."

"Ẹ̀fẹ̀ lásán ló lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílé ìwé? Lọ bẹ Herdís ní Hvammur. Bó bá ní òun ò fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ lára ògiri gbọ̀ngàn, ó parí nìyẹn. Màá gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, Hallbera fẹsẹ̀ rìn lọ sí Hvammur. Ó ń dùn ún pé iṣẹ́ tó ń fi yangàn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ló dùn ún jù.

Herdís, opó Ketill, ló ṣílẹ̀kùn. Súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán. Wọlé, ooru ń jáde."

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, Màmá. Nítorí àwòrán yẹn ni."

"Mo gbọ́ nípa rẹ̀, n kò rí i. Mú un wá."

"Mà?"

"Ṣé o fẹ́ máa bẹ̀ mí lórí ohun tí n kò rí ni? Mú un wá jàre."

Hallbera fà á yọ nínú àpò. Ìyá àgbà fi awò sójú, ó gbé ìwé náà súnmọ́ fèrèsé, ó wò ó títí.

"Fìlà rẹ̀ kò rí báyìí," ó ní. "Etí ọ̀tún ló máa ń fi í bò. Apá ọ̀tún ni mo máa ń jókòó sí nínú mọ́tò, kò fẹ́ gbọ́ tèmi."

Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú àwòrán náà, ẹ̀rín náà sì kú.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n sọ èyí?"

"Kò sẹ́ni, mà. Èmi ni mo rò ó."

Herdís jókòó. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ketill kọ́ ló sọ ọ́. Ojú ọ̀nà ló fẹ́ gbà yípo lọ́jọ́ náà. Styrmir ló ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé yìnyín á gbé e dúró, torí òun ti rìn lórí rẹ̀ lánàá. Lẹ́yìn èmi àti ọmọ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ láyé. Ní báyìí, ó rò pé gbogbo àfonífojì ti mọ̀, pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín."

Háà! Òkú tí kò gbọ́ ni Hallbera rò pé òun ń bá ṣeré. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Tirẹ̀ ti ba ẹni tó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà kò tù ú nínú, ó ń da kọfí sí ife.

"Ṣé inú ń bí yín sí mi, mà?"

"Ó ń bí mi. Kì í ṣe torí pé o rẹ́rìn-ín o. Torí pé o rẹ́rìn-ín níbi tí a kò sí ni. Bergur náà wá síbí, ó ní àwọn máa ya abẹ́là fún wa. Abẹ́là! Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ilé yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n wá ń ṣe bí ẹni pé a ti kú tán wàyí. Ẹ̀yin ọmọdé ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, àwọn àgbà ń yọ́ rìn níwájú wa. Ẹni tó máa jókòó tì wá ni a ò rí." Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé kan jáde. "Gbà, kà á. Mo fẹ́ fi sínú ìwé ìròyìn ni."

Hallbera kà á: *Katakata kan wà fún títà. Ẹnìkan ṣoṣo ló ti lò ó rí. Ó mọ́ tónítóní, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi wẹ̀.*

Hallbera fi ìwé náà bo ẹnu.

"Rẹ́rìn-ín, ọmọ yìí. Mo ti sunkún débi tí ẹkún sú mi. Bí ọ̀ràn bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín. Èmi ni kí o yà. Èmi àti katakata mi."

"Èmi ńkọ́?"

Styrmir ló dúró lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó débẹ̀. Hallbera dìde.

"Styrmir, jọ̀ọ́, mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni..."

"O ò béèrè."

Hallbera mú àwòrán náà, ó ká a sínú àpò.

"Bí Màmá àgbà bá fẹ́, ya tiwọn," Styrmir ní. "Má ya èmi. Mi ò sì fẹ́ rí ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀."

"Mi ò ní fi sí i. Mo búra."

Styrmir padà sókè.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Hallbera lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń bẹ wọ́n kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́ lórí fóònù wọn. Àwọn kan pa á rẹ́, àwọn kan ní àwọn ti pa á rẹ́, irọ́ ni. Ormur kùn títí, ó ní, "Ṣebí ìwọ lo yà á?" Òótọ́ ló sọ. Ẹyin lohùn, èyí tó ti fọ́ kò ṣeé kó padà sínú èèpo.

Ọjọ́ àsè pé. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n fi pásítọ̀ àti kòtò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú pásítọ̀ gan-an. Àwòrán kẹtàdínlógún wá yọ lára ògiri, ni gbọ̀ngàn bá pa lọ́lọ́.

Herdís ló wà níbẹ̀ nínú súwẹ́tà gígùn, ó nawọ́ sí katakata tí omi ń ro tótó lára rẹ̀, bí ẹni tó ń polówó. Ẹja ńlá kan jókòó sí àyè dírẹ́bà, ó dé fìlà Ketill, ó fi bo etí ọ̀tún. Hallbera kò fi ọ̀rọ̀ kankan sẹ́nu ẹja náà. Bergur ka ìkéde títà náà. Ó kà á dé ibi ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Gbogbo ojú yí sí Herdís. Ìyá àgbà dìde, ó na ọwọ́ sókè bí olórí ilé ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fi ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ta ló máa rà á?" Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ló tú gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Àwọn tó ti ń fojú sá fún un láti oṣù mẹ́ta rọ́ lọ bá a, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ń pe orúkọ Ketill tí wọn ò pè láti ọjọ́ ìsìnkú.

Hallbera kò wo ògiri. Styrmir ló ń wò. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ fìlà yẹn títí, ó wá fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró ti Hallbera lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán.

Ohun tí Hallbera kọ́ lọ́dún náà nìyí, kí ẹ̀yin náà mú un dání. Ẹ̀rín kò bẹ̀rù ohunkóhun, ikú pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹkún ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rín. Èyí tó bá já ilẹ̀kùn wọlé, olè ni.

"Fìlà yẹn jọ ọ́," Styrmir ní.

"Màmá àgbà ló sọ fún mi."

Styrmir fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. "Lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá o lè ya èmi náà."

"Lóòótọ́?"

"Bóyá ni mo sọ. Kọ́kọ́ bi mí ná."

"Màá bi ẹ́," Hallbera ní.